Láptọ́ọ̀pù ń gan nígbà tó bá ń tan, àfi tí mo bá fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù: kí ló ń ṣe aago kernel?

Ọmọ_Terminal

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù kan wà níwájú mi tí kì í tan dé òpin àfi tí mo bá ń fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Processor rẹ̀ ní core méjì, 64-bit ni, RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, BIOS ayé àtijọ́ ló ń lò, kì í ṣe UEFI. Debian 12 (oríṣi Linux kan) ló wà lórí rẹ̀, kernel 6.1 (kernel ni ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ).

GRUB, ètò tó ń gbé kernel dìde, ń jáde dáadáa. Mo ti yọ `quiet` kúrò kí n lè rí ohun tí kernel ń kọ. Àwọn ìlà á sáré wá, wọ́n á sáré lọ, títí dé ibi yìí (mo fo àwọn tó wà láàárín):

```
[    0.398214] hpet0: at MMIO 0xfed00000, IRQs 2, 8, 31
[    0.398229] hpet0: 3 comparators, 32-bit 14.318180 MHz counter
[    0.400316] clocksource: Switched to clocksource tsc-early
[    1.117402] tsc: Marking TSC unstable due to TSC halts in idle
[    1.121950] clocksource: Switched to clocksource hpet
```

Ibẹ̀ ló máa gan sí. Ìlà tuntun ò ní yọ, iná díìsìkì ò ní ṣẹ́jú. Tí mo bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀kan, ìlà méjì tàbí mẹ́ta á yọ, á tún gan. Tí mo bá tẹ spacebar mọ́lẹ̀ tí mi ò gbé ọwọ́ kúrò, á tan dé ojú ìwọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40.

Tí mo bá fi sílẹ̀ pátápátá, kò kú. Mo fi aago ọwọ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 ló fi ń gan kí ìlà tó kàn tó yọ, ìgbà méjèèjì ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn tí ó gan lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀ tí mo wọlé, `date` ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 rẹ̀yìn sí aago gidi. Bí mo bá sì kọ `sleep 1` ní terminal, kì í parí àfi tí mo bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan.

Mo ti dán `nomodeset` (ó ń dá driver àwòrán dúró) wò, kò yí nǹkan kan padà. `acpi=off`, tó ń pa ACPI (ètò tí kernel fi ń ṣàkóso iná àti oorun ẹ̀rọ), jẹ́ kó tan láì gan, ṣùgbọ́n core kan ṣoṣo ló kù, bátìrì ò hàn mọ́, `poweroff` ò sì pa á tán. Mi ò fẹ́ máa lò ó bẹ́ẹ̀. Kí ló ń gan gan-an, kí sì ni mo lè fi dípò `acpi=off`?

Alátùnúnṣe

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. HPET, aago kan tó wà lóde processor, ni ìlà yín tó kẹ́yìn ń dárúkọ, mo sì fura sí i. Ẹ dán `clocksource=acpi_pm` wò, kí kernel lè lo aago mìíràn, acpi_pm. Ní GRUB, ẹ gbé àmì sórí Debian, ẹ tẹ `e`, ẹ wá ìlà tó fi `linux` bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí ìparí rẹ̀, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ctrl+X ló máa tan án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àyípadà yẹn wà fún. Tí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ tún un tan, ó ti lọ.

Òǹkà64

Èmi náà fura sí HPET, ṣùgbọ́n `clocksource=` kò ní wo àìsàn yìí, ó sì yẹ ká sọ ìdí rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà fi ọjọ́ kan gbáko ṣòfò lé e lórí.

Ohun méjì tó yàtọ̀ síra ni kernel ń lò. Ọ̀kan ni aago tó ń wò láti mọ ìgbà tí a wà, clocksource nìyẹn. Èkejì ni agogo tó ń lù láti jí processor. Clock event device ni wọ́n ń pè é. `clocksource=` ń pààrọ̀ aago, kò fọwọ́ kan agogo rárá. Ẹni tó sùn tí agogo kò lù fún kò ní torí pé a gbé aago tó péye kọ́ sára ògiri kó jí.

Báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tí core kan ò bá rí iṣẹ́ ṣe, kernel á jẹ́ kó sùn. C1 ni oorun fẹ́ẹ́rẹ́, C3 ni oorun àsùnwọra. Core kọ̀ọ̀kan ní agogo tirẹ̀ nínú ara rẹ̀, LAPIC timer, òun ni kernel fẹ́ràn jù nítorí pé ó yára, ó sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ processor àtijọ́, LAPIC timer máa ń dúró tí core bá ti wọ C3. Nítorí náà, kí core tó sùn wọra, kernel á fi iṣẹ́ jíjí rẹ̀ lé agogo mìíràn lọ́wọ́, èyí tó wà lóde processor tí kì í sùn. Broadcast device ni orúkọ agogo yẹn. HPET ló sábà máa ń jẹ́. Tí HPET ò bá sí, PIT ayé àtijọ́ á gbà á. Tí agogo òde yìí bá wá kùnà, kò sẹ́ni tó máa jí core náà mọ́, àfi kí interrupt mìíràn (ìpè tó ń dá processor lóhùn) ṣèèṣì wọlé. Shift tí ẹ ń tẹ ni interrupt yẹn. Ẹ̀rọ yín ò kú, oorun ló ń sùn.

Ẹ wo ibi tó gan sí dáadáa. Ìlà `TSC halts in idle` yẹn (TSC ni òǹkà àkókò inú processor fúnra rẹ̀), driver processor ti ACPI ló fa á, nígbà tó ka C3 nínú tábìlì BIOS. Kó tó dé ibẹ̀, oorun fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni kernel mọ̀. Gẹ́rẹ́ tó mọ oorun àsùnwọra, ó sùn ún, kò sì jí. Ìdí nìyẹn tó fi tan pẹ̀lú `acpi=off`: driver yẹn ò gbéra, C3 ò sí. Ẹ ti pa gbogbo ilé nítorí ilẹ̀kùn kan.

Ìṣẹ́jú 5 yín ló wá fi gbogbo rẹ̀ hàn. Òǹkà HPET yín jẹ́ 32-bit, ó ń ka 14,318,180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín 4,294,967,296 sí i: 299.97 ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣẹ́jú 5 gééré. Iye àkókò tí òǹkà náà fi ń yí po padà sí òdo nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọsẹ̀bá.

Bí HPET ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé kernel á kọ iye kan sínú comparator, agogo á sì lù nígbà tí òǹkà bá *dọ́gba* pẹ̀lú iye yẹn. Dídọ́gba nìkan ló mọ̀. Kò mọ «ó ti kọjá». Bí kernel bá kọ 1000 síbẹ̀ nígbà tí òǹkà wà ní 990, ṣùgbọ́n tí chipset fa ọwọ́ sẹ́yìn kí iye náà tó wọlé, tí òǹkà sì ti dé 1003, dídọ́gba ti kọjá lọ. Ó di ìgbà tí òǹkà bá yí po padà dé 1000. Àwọn tó kọ kernel mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì fi àlàfo 128 kíkà sílẹ̀ láti ṣọ́ra, ìyẹn nǹkan bí 9 microsecond. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó tó fún. Ti yín ń ṣe bí èyí tí kò tó fún.

`date` tó rẹ̀yìn náà, orísun kan náà ni. HPET ni kernel ń wò gẹ́gẹ́ bí aago pẹ̀lú. Tí òǹkà bá yí po nígbà tí gbogbo core ń sùn, kernel á rí iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tó rí kó tó sùn, á gbà pé kò sí àkókò kankan tó kọjá. Ìyípo méjì, ìṣẹ́jú 10 ti sọnù. Nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ máa rí ìlà kan tó ní `max_idle_ns: 133484882848` fún hpet: kernel fúnra rẹ̀ ti pinnu pé òun ò gbọdọ̀ sùn ju ìṣẹ́jú àáyá 133 lọ láìwo aago yẹn. Agogo tó kùnà ló mú un sùn kọjá ààlà.

Ẹ má gba àlàyé mi gbọ́ lásán o, ẹ dán an wò. Parameter kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ má kó wọn pọ̀. Tí ẹ bá kọ mẹ́rin pa pọ̀ tó sì tan, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ yọ `quiet` àti `splash`, ẹ fi `ignore_loglevel` sí i, lẹ́yìn náà:

`idle=poll`. Core ò ní sùn rárá. Ó máa gbóná, fáànù á pariwo, nítorí náà fún ìdánwò nìkan ni. Tó bá ṣì gan pẹ̀lú èyí, gbogbo àlàyé mi ti wó, ẹ padà wá sọ fún wa.

`processor.max_cstate=1`. Ó máa sùn, ṣùgbọ́n C1 nìkan.

`nohz=off`. Èyí ní kí ìlù kernel má ṣe dákẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ò bá sí. Mo rò pé ó ṣì máa gan, nítorí pé high-resolution timer ṣì ń kọ iye tuntun sínú comparator lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan.

`nohz=off highres=off`. Èyí nìkan ni mo ní kí ẹ kọ méjì pọ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, HPET á máa lù déédéé, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣírò iye tó kàn, kernel ò kọ nǹkan kan sínú comparator mọ́. Tí `nohz=off` bá gan tí èyí sì tan, comparator lọ̀dádá.

`hpet=disable`. HPET á kúrò nílẹ̀ pátápátá, PIT á gba iṣẹ́ jíjí, aago á sì di acpi_pm.

Ẹ fi `clocksource=acpi_pm` ti ọ̀gá wa òkè yìí kún un. Tó bá gan bí mo ṣe sọ, á fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Ẹ tún ràn wá lọ́wọ́: ní ìgbà tó bá tan, ẹ kọ

```
sudo grep -A1 'Broadcast device' /proc/timer_list
cat /sys/devices/system/clocksource/clocksource0/current_clocksource
for i in 1 2 3 4 5; do time sleep 1; done
```

Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára kíbọ́ọ̀dù àti touchpad nígbà tí ìlà kẹta bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi aago mìíràn wò ó, torí pé `time` ń lo aago kan náà tí a ń fura sí. Ẹ má lo `watch` láti wo `/proc/interrupts`: `watch` pàápàá ń dúró de agogo tó bàjẹ́ yìí kó tó tún ojú ìwé kọ. Ẹ fọwọ́ kọ `grep -E 'timer|LOC' /proc/interrupts` lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi èkíní wé èkejì.

Wáyà_Tútù

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn tó máa ka èyí tí àìsàn tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo gígan ni ti aago.

Ẹ tẹ Caps Lock. Tí iná rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kernel wà láàyè. Tí iná náà bá ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ láìdúró, kernel panic ni, ẹ yọ `quiet` kí ẹ lè ka ohun tó kọ. Tí ẹ bá rí `A start job is running for /dev/disk/by-uuid/...` tó ń ka lọ sí `1min 30s`, aago yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, òun ló ń ka ìṣẹ́jú àáyá yẹn lójú yín. UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ díìsìkì) kan nínú `/etc/fstab` ni kò bá díìsìkì mu mọ́, tàbí ti swap nínú `/etc/initramfs-tools/conf.d/resume`. Ẹ fi `lsblk -f` wé wọn. Tí ojú bá sì dúdú lẹ́yìn `Loading initial ramdisk ...` tí bọ́tìnnì kankan ò tì í síwájú, ẹ dán `nomodeset` wò kí ẹ tó sọ pé aago ni.

Àmì tó ya ti aago sọ́tọ̀ ni ohun tí ẹni tó béèrè sọ: interrupt èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ bọ́tìnnì tàbí touchpad, á tì í síwájú díẹ̀.

Ọmọ_Terminal

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, ọ̀gá Òǹkà64. Mo ti dán gbogbo wọn wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì pa ẹ̀rọ pátá láàárín wọn.

`idle=poll`: ó tan, ìṣẹ́jú àáyá 21, kò gan rárá. Fáànù pariwo bí ẹ ṣe wí.
`processor.max_cstate=1`: ó tan.
`nohz=off`: ó gan, ibi kan náà.
`nohz=off highres=off`: ó tan.
`clocksource=acpi_pm`: ó gan. Ìlà tó kẹ́yìn ló yàtọ̀, ó kọ acpi_pm dípò hpet.
`hpet=disable`: ó tan, ìṣẹ́jú àáyá 22.

Pẹ̀lú `hpet=disable`, `timer_list` kọ `Clock Event Device: pit`, aago di `acpi_pm`, `sleep 1` márààrún sì parí ní ìṣẹ́jú àáyá 5 láì fọwọ́ kan nǹkan. Core méjèèjì wà, bátìrì ń hàn.

Yàtọ̀ sí `idle=poll`, èwo ni kí n mú nínú mẹ́ta tó ṣiṣẹ́? Bátìrì yìí ti gbó, mi ò fẹ́ ohun tó máa tètè jẹ ẹ́ tán.

Òǹkà64

`nohz=off` tó gan àti `highres=off` tó tú u sílẹ̀, ẹ̀rí tí mo ń wá nìyẹn. Comparator ni.

Ẹ mú `hpet=disable`. `processor.max_cstate=1` ń fi HPET sílẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń gba oorun àsùnwọra lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ gan-an sì ni láptọ́ọ̀pù ti ń ṣọ́ bátìrì. `nohz=off highres=off` ń jẹ́ kó sùn wọra, àmọ́ kernel Debian ń lu ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ wà tàbí kò sí, ìyẹn ni pé ó ń jí lẹ́ẹ̀kan ní mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdì 4 kọ̀ọ̀kan. Ohun tí NOHZ wá dá dúró nìyẹn nígbà tó wọ kernel 2.6.21 ní 2007.

PIT náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó ń ka 1,193,182 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye tó sì pọ̀ jù tí kernel máa ń kọ sínú rẹ̀ ni 32,767. Ẹ pín in: mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdì 27 ó lé díẹ̀. Bí ẹ̀rọ ò bá tilẹ̀ ní iṣẹ́ kankan, á ṣì jí ní nǹkan bí ìgbà 36 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítorí pé agogo yìí ò lè ka ju bẹ́ẹ̀ lọ. HPET tó péye ì bá sùn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 36 sàn ju 250 lọ fíìfíì, C3 sì wà síbẹ̀.

acpi_pm ní àbùkù kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. 24-bit ni òǹkà rẹ̀, 3,579,545 ló ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó ń yí po ní ìṣẹ́jú àáyá 4.69. Kernel mọ̀ bẹ́ẹ̀, `max_idle_ns` rẹ̀ jẹ́ 2085701024, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 2 ó lé díẹ̀, PIT á sì ti jí i tipẹ́tipẹ́ kó tó di ìgbà yẹn. Ó tún lọ́ra láti kà ju TSC lọ; ètò tó ń béèrè àkókò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lè nímọ̀lára rẹ̀, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ò ní mọ̀.

Láti jẹ́ kó dúró, ẹ ṣí `/etc/default/grub`:

```
GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT="quiet hpet=disable"
```

Lẹ́yìn náà `sudo update-grub`, ẹ tún un tan, kí ẹ ka `cat /proc/cmdline`. Tí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ náà kọ, bí àpẹẹrẹ `hpet-disable`, kernel ò ní dúró, ṣùgbọ́n ó máa kọ ọ́ sílẹ̀: `sudo dmesg | grep -i 'unknown kernel'`. Ẹni tó ń lo Fedora, `sudo grubby --update-kernel=ALL --args="hpet=disable"` ni tirẹ̀.

Ẹ wo BIOS náà. Àwọn kan ní ibi tí a ti lè pa HPET síbẹ̀. Tí tiyín bá ní in, ẹ pa á níbẹ̀, kódà kernel tí ẹ bá tan láti orí USB ò ní gan mọ́.

Alátùnúnṣe

Mo ti gbà, ọ̀gá Òǹkà64. Mo da aago pọ̀ mọ́ agogo. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan: kí ló dé tí a ò fi TSC ṣe aago, kí ó má baà jẹ́ acpi_pm tó lọ́ra? Mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń kọ `tsc=reliable`.

Òǹkà64

Lórí ẹ̀rọ yìí, rárá o. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kọ

```
grep -oE 'constant_tsc|nonstop_tsc' /proc/cpuinfo | sort | uniq -c
```

`constant_tsc` túmọ̀ sí pé TSC ò yára bẹ́ẹ̀ ni kò lọ́ra nígbà tí processor bá yí ìyára rẹ̀ padà. `nonstop_tsc` túmọ̀ sí pé kì í dúró nínú oorun àsùnwọra. Ìlà `TSC halts in idle` ti sọ fún wa pé èkejì ò sí níbí. Aago tó ń dúró nígbàkigbà tí core bá sùn, tí a wá fi `tsc=reliable` ní kí kernel má yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: `date` lè máa rẹ̀yìn, àwọn core méjèèjì sì lè máa ka àkókò tó yàtọ̀ síra. Parameter yẹn kì í tún TSC ṣe, ó kàn ń pa ẹnu ẹ̀ṣọ́ tó ń wò ó mọ́ ni. Orí ẹ̀rọ tí TSC rẹ̀ dára lóòótọ́ nìkan ló ti wúlò.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ tuntun, kó má kàn da ohun tó wà níbí kọ. Lórí àwọn processor Intel kan tó ń wọ oorun tí wọ́n ń pè ní PC10, HPET fúnra rẹ̀ máa ń dúró níbẹ̀. Ní 2019 ni kernel bẹ̀rẹ̀ sí í pa HPET fúnra rẹ̀ lórí Coffee Lake nítorí ìyẹn; ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bay Trail ṣáájú. Lórí irú wọn, `hpet=disable` ò ní yí nǹkan kan padà nítorí pé ó ti wà ní pípa, `hpet=force` sì lè dá wàhálà tuntun sílẹ̀. TSC wọn dára, LAPIC timer wọn kì í sì í dúró nínú oorun; bí wọ́n bá ń gan, ẹ dán `intel_idle.max_cstate=1` wò kí ẹ tó fọwọ́ kan aago.

Ní ti `noapic` àti `nolapic` tí ẹ máa ń rí níbi gbogbo: `noapic` ń pa IO-APIC, tó ń pín interrupt fún àwọn core, gbogbo ẹ̀rọ inú á wá máa pín IRQ (ìlà interrupt) 0 sí 15 lò, WiFi àti díìsìkì lè máa jà lórí ìlà kan náà. Ìgbà tó yẹ ni ìgbà tí kernel bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, `IO-APIC + timer doesn't work!`. `nolapic` tún burú jù, core kan ṣoṣo ló máa kù.

Ọmọ_Terminal

Mo ti wo BIOS, kò sí ibi tí a ti ń pa HPET. Mo ti kọ ọ́ sínú `/etc/default/grub`. Mo tàn án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mi ò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù títí tó fi dé ojú ìwọlé, kò gan lẹ́ẹ̀kan. `grep` wò ó pé `constant_tsc` wà, `nonstop_tsc` ò sí.

Mo tún dán `systemctl suspend` wò. Ó sùn, ó jí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá HPET lè padà wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Òǹkà64

Kò lè padà, `hpet=disable` ò jẹ́ kí kernel forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tó bá jí, ẹ tún ka `available_clocksource` nínú àpò kan náà tí `current_clocksource` wà. Orúkọ hpet ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Kí ẹ sì tún `sleep 1` márùn-ún yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn suspend, torí pé inú suspend ni kernel ti ń tún PIT gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi tó àwọn tó ń tọ́jú kernel létí kí wọ́n lè pa HPET fúnra wọn lórí chipset yìí, ohun tí wọ́n máa béèrè ni `dmesg` odindi méjì, ọ̀kan láti ìgbà tó gan tí ẹ tẹ spacebar dé òpin, èkejì pẹ̀lú `hpet=disable`, àti èsì `lspci -nn` kí wọ́n lè rí nọ́ńbà chipset, pẹ̀lú èsì ìdánwò mẹ́fà tí ẹ kọ sókè yìí. Ìṣẹ́jú 5 yẹn ni kí ẹ fi ṣáájú nínú lẹ́tà náà.

Ọmọ_Terminal

Lẹ́yìn suspend: `acpi_pm` nìkan ló wà nínú `available_clocksource`, `sleep` márààrún parí ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Mo ń kó `dmesg` méjèèjì jọ lọ́wọ́ báyìí. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.